Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùṣètò Géèmù ní Larian Studios: Ẹ Fún Ọdẹ Ní Iṣẹ́ Ọdẹ

Sí ẹ̀yin olùṣètò géèmù ní Larian Studios, ní ìlú Ghent, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ń kọ̀wé yìí sí yín nítorí pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ tuntun. Láti oṣù Kẹta 2024 ni ọ̀gá yín, Swen Vincke, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ ò ní ṣe géèmù Baldur's Gate mìíràn lẹ́yìn Baldur's Gate 3. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2025, ẹ kéde géèmù Divinity, nínú ayé tó jẹ́ tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá amọ̀kòkò sọ, ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù ló yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí kíláàsì kan ṣoṣo (kíláàsì ni irú iṣẹ́ tí ẹni tó ń gbá géèmù ń yàn fún akọni rẹ̀), èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ranger, tí èmi yóò máa pè ní ọdẹ.

Kí n tó fọwọ́ kan ibi tó ń dun ni, ẹ jẹ́ kí n yìn yín níbi tí ìyìn ti tọ́. Nínú ìwé òfin Dungeons & Dragons (eré orí tábìlì tí Baldur's Gate 3 ti mú òfin rẹ̀) ti ọdún 2014, ọdẹ tó bá yan ọ̀nà Beast Master ní láti fi àsìkò tirẹ̀ nínú ìjà pàṣẹ fún ẹranko rẹ̀ kí ìyẹn tó lè bu ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ẹranko bá fẹ́ jà, ọ̀gá rẹ̀ á dúró máa wòran; bí ọ̀gá bá ta ọfà, ẹranko á dúró bí ère. Ẹ̀yin wò ó, ẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún béárì, ìmàdò, aláǹtakùn, ẹyẹ ìwò àti ìkookò ní àsìkò tiwọn nínú Baldur's Gate 3. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ó yọ ẹni tó yan kíláàsì náà nínú ìtìjú.

Ohun kejì tí ẹ ṣe gba ìgboyà. Ó ti pẹ́ tí òfin ti ń sọ fún ọdẹ pé kó yan irú ọ̀tá kan ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀: òmìrán ni o, òkú tó ń rìn ni o, dírágónì ni o. Bí kò bá wá sí dírágónì nínú ìtàn tó ń bọ̀, ẹ̀bùn ọdẹ náà ti wọmi nìyẹn. Ẹ gé e kúrò. Ẹ gbé orúkọ márùn-ún sípò rẹ̀, láti Bounty Hunter dé Sanctified Stalker, ẹ sì rí i pé ìkọ̀ọ̀kan wọn wúlò níbikíbi. Ẹni tó bá yan Ranger Knight lè wọ ẹ̀wù irin tó wúwo jù lọ. Ẹni tó bá yan Sanctified Stalker gba idán iná mímọ́ kan. Àbùkù àtijọ́ lọ.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù irin. Iná mímọ́. Ìdáàbòbò lọ́wọ́ òtútù, iná tàbí májèlé fún ẹni tó bá ní òun mọ aginjù rìn. Èwo nínú wọn ni jagunjagun tàbí àlùfáà inú géèmù yín kò lè ní? Ẹ yọ ohun tí kò dára kúrò lára ọdẹ, ẹ wá lọ kó ẹrù àwọn ẹlòmíràn dí àlàfo rẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo mọ̀. Joe Fischer ló kọ́kọ́ kọ òfin kíláàsì yìí sínú The Strategic Review ní ọdún 1975, ẹni tó bá sì mọ Aragorn, alárìnká tó mọ igbó inú ìtàn Tolkien, yóò mọ ẹni tó ń wò kọ ọ́. Nígbà tí òfin náà fi máa wọ ìwé ńlá ti 1978, ó ti ní àwọn nǹkan kan tó ṣàjèjì, tó sì dùn mọ́ mi títí dòní. Ọdẹ kò gbọdọ̀ ní ju ẹrù tó lè gbé lọ. Ọdẹ tó bá ju mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ jọ rìn. Ó mọ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀, kò rọrùn láti bá a lójijì, bó bá sì kojú òmìrán àti àwọn ìbátan òmìrán, ọwọ́ rẹ̀ ń wúwo sí i bí ipò rẹ̀ ti ń ga. Ẹ wo bí odidi ènìyàn ṣe yọjú nínú òfin díẹ̀ yẹn: ẹni tí kò nílé, tí kò fẹ́ràn èrò, tó ń gbé ẹnu ààlà kí ohun burúkú má baà wọ ìlú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ní 1989 wọ́n fi idà méjì lé e lọ́wọ́. Ní 2003 wọ́n ní kó yàn láàárín idà méjì àti ọrun. Ní 2008 ó di ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣe ọ̀tá léṣe kíákíá lọ. Ìwé 2014 jáde, àwọn tó ń gbá a ráhùn. Ní 2016 àtúnṣe kan jáde fún ìdánwò, ní 2020 òmíràn, ní 2024 òmíràn. Bí mo bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo rí tí wọ́n ń dáhùn: ìpalára mélòó ni ọdẹ ń ṣe nínú ìjà? Kò jọ pé ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ọdẹ ń ṣe láti àárọ̀ títí ìjà fi dé.

Ẹ wo Hunter's Mark. Ọdẹ á pe ọfọ̀ náà lé ọ̀tá kan lórí, ìgbàkígbà tí ọfà rẹ̀ bá sì ba ọ̀tá yẹn, á ju dáìsì olójú mẹ́fà kan kún ìpalára rẹ̀. Ó gba ìfọkànsí (ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lèèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà), nítorí náà bí ọdẹ bá ti dì í mú, ó ti fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọfọ̀ rẹ̀ mìíràn tó gbádùn mọ́ni sílẹ̀. Nínú ìwé 2024, ẹni tó bá gun kíláàsì náà dé ìpele 20, tó ti lo oṣù mélòó kan tàbí ọdún lórí ẹ̀, ẹ̀bùn àṣekágbá rẹ̀ ni pé dáìsì olójú mẹ́fà yẹn di olójú mẹ́wàá. Ó tán síbẹ̀. Àlùfáà bá ti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ jí òkú, oṣó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá àkókò dúró, ọdẹ fi ojú mẹ́rin kún dáìsì!

Ìpele 12 ni ẹ̀yin parí Baldur's Gate 3 sí, nítorí náà ìtìjú yẹn kò kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Wọ́n á yan Gloom Stalker, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka kíláàsì ọdẹ, wọ́n á gba ìkọlù àkọ́kọ́ tó lágbára yẹn ní ìpele 3, wọ́n á dúró títí dé ìpele 5 kí wọ́n lè máa kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n á kó lọ sọ́dọ̀ Assassin (ẹ̀ka kíláàsì olè) tàbí Fighter (jagunjagun). Wọ́n gba nǹkan nílé ọdẹ, wọn ò gbé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ fi Swarmkeeper, ẹ̀ka ọdẹ mìíràn, kún un ní oṣù Kẹrin 2025, inú mi dùn sí àwọn oyin rẹ̀, àwòrán náà rẹwà, àmọ́ ìpalára àti ìdíwọ́ nínú ìjà náà ni oyin wá ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù wá kàn. Òfin 2014 sọ pé bí ọdẹ bá wà nínú irú ilẹ̀ tó mọ̀ dunjú, òun àti àwọn tó ń bá a rìn kò lè ṣìnà, àyàfi bí idán bá wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ gbágungbàgun kò lè fà wọ́n sẹ́yìn. Bó bá wá oúnjẹ, ìlọ́po méjì ni yóò rí. Ẹ̀bùn ńlá ni létí. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó pa igbó rẹ́. Bí wọn ò bá lè ṣìnà, tí ebi ò lè pa wọ́n, kí ló kù kí olùdarí eré sọ ju pé ẹ rìn, ẹ dé lọ? Ẹni tó yan ọdẹ nítorí pé ó fẹ́ràn igbó ni wọ́n fi igbó dù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí jagunjagun bá wà láàárín yín, ìjà ò ní wáyé.

Ti kọ̀ǹpútà tún wá burú jùyẹn lọ, nítorí pé máàpù ti wà ní igun ojú ìran, kò sí ẹni tó lè sọnù. Nínú Baldur's Gate 3, oòrùn kì í wọ̀ bí a kò bá padà sí àgọ́ lọ sùn. Òjò kì í dé kó fọ ojú ọ̀nà. Ẹran kì í kọjá láàárọ̀ kó gba ibòmíràn padà nírọ̀lẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀: gbogbo ìran inú géèmù yín lẹ fi ọwọ́ tò, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pàápàá lẹ fi ọwọ́ tò, èyí ló sì jẹ́ kó rẹwà. Ṣùgbọ́n kí ni ìmọ̀ igbó, Survival, wá ń ṣe níbẹ̀? Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni pé ó ń ta wá lólobó pé àpótí kan wà lábẹ́ ilẹ̀, ká mú ṣọ́bìrì wá. Ẹni tó mọ igbó wá di ẹni tó ń wú ìṣúra. Oúnjẹ ńkọ́? Ní ìwọ̀n líle tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbá a, ẹyọ oúnjẹ 40 là ń kà jọ ká tó lè sùn mọ́jú. Bó bá jẹ́ Tactician, ìwọ̀n tó le ju ìyẹn lọ, ó di 80. Inú àpótí pákó, inú àgbá àti inú àpò àwọn òkú la ti ń kó o, wàràkàṣì lọ́tùn-ún, ọtí lósì. Ọdẹ jókòó sí àgọ́, òun náà ń jẹ wàràkàṣì ẹni ẹlẹ́ni. Kò sí bó ṣe lè wọ igbó lọ pa ẹran wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ti rí lọ́dọ̀ tiwa, nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé a ṣì ní ọdẹ. Ìbọn ló kẹ́yìn nínú rẹ̀. Kó tó kan ìbọn, ọdẹ ti mọ odò tí ẹtu ti ń mumi. Ó ti mọ igi tó ń so lásìkò yẹn, tí ẹran ń wá ṣa èso rẹ̀ jẹ nílẹ̀. Ó ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Ó ti gun ègùn tó dì sórí igi láti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ gbá a. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ń ròyìn ọdẹ òru kan fún wa, ó lè lo wákàtí kan gbáko lórí ipasẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ewé tó ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìbọn a sì wọ inú gbólóhùn kan péré. Àwọn ọdẹ tún ní ìjálá. Ti Ògún nìkan kọ́ ni wọ́n ń sun. Wọ́n ń ki ẹranko níbẹ̀, wọ́n ń ki ẹyẹ, wọ́n ń sọ bí erin ṣe rìn, ohun tí ẹfọ̀n ń ṣe bí inú bá ń bí i. Ọmọ tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko ọdẹ ti gbọ́ ìwà ẹran lórin kó tó fojú rí i.

Mi ò ní kí ẹ kó ìjálá wọ Rivellon, ayé inú Divinity, o. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ ọdẹ, iṣẹ́ ṣáájú ìjà ni, ibẹ̀ gan-an ni géèmù fi sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀yin sì lẹ sún mọ́ ọn jù nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí, bóyá ẹ ò kíyè sí i. Láti Divinity: Original Sin ti 2014 lẹ ti kọ́ wa pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jà: òróró ń gbiná, omi ń gbé mànàmáná, májèlé tó kúnlẹ̀ ń bú gbàù bí iná bá kàn án. Nígbà tó di Baldur's Gate 3, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ru àgbá ẹ̀tù kiri. Ọ̀tá á máa bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ, ẹnì kejì á ti máa to àgbá yí i ká lẹ́yìn, wọ́n á wá ta ọfà iná kan sí i láti òkè. Àwàdà ni gbogbo ayé fi ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí là ń pe ìyẹn? Ìdẹ̀kùn ni! Ṣíṣọdẹ ni! Ẹni tó mọ ibi tí ẹran máa dúró sí, tó dẹ ebìtì síbẹ̀ kí ẹran tó dé, ọdẹ ni ẹni yẹn, akọrin ni ì báà jẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ géèmù. Àwọn tó ń gbá géèmù yín ti dá iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀ fúnra wọn, ẹ kò sì fún kíláàsì ọdẹ ní ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ẹ fún un. Bí ọdẹ bá rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, kí géèmù ṣí àsìkò ìpalẹ̀mọ́ kan fún un kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Kó lè gbẹ́ kòtò, kó ta okùn sí ẹnu ọ̀nà, kó fi ajá sí ibi tí ọ̀tá máa sá gbà, kó sọ ibi tí olúkúlùkù máa dúró sí. Iye ohun tó lè tò sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ara ìpele rẹ̀ nìkan wá. Ohun tó mọ̀ nípa ọ̀tá yẹn ni kó pinnu rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé gnoll (irú abàmì kan) mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pé ọ̀kan ń tiro, á tò ju ẹni tó kàn ṣalábàápàdé wọn. Gloom Stalker ti ń gbìyànjú ohun yìí, àmọ́ ìṣirò lẹ fi ṣe tirẹ̀: ẹ fi 3 kún ìyára rẹ̀, ẹ fún un ní ìkọlù kan sí i. Kò sí ohun tí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀ rò tàbí tó tò.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ń tiro? Ọ̀rọ̀ ipasẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù.

Géèmù EverQuest ti 1999 fún ọdẹ ní àtòjọ àwọn ẹ̀dá tó wà nítòsí, á yan ọ̀kan, géèmù á sì tọ́ka sí apá ibi tó wà. Kò rẹwà rárá, ọ̀rọ̀ lásán lójú ìran ni, síbẹ̀ àwọn mìíràn ń wá ọdẹ lọ láti bá wọn wá ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ tó ní láárí láwùjọ ni. The Witcher 3 ti 2015 lẹ́wà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: Geralt, akọni inú rẹ̀ tó ń dọdẹ abàmì, á tẹjú mọ́ ilẹ̀, ipasẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á tẹ̀lé e, á sọ irú abàmì tó jẹ́, á lọ wá òróró tó yẹ fún idà rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí kì í ṣe ranger ló ń ṣe iṣẹ́ ranger tó dára jù tí mo rí lórí kọ̀ǹpútà. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé Geralt ló ń ka ilẹ̀; àwa kàn ń tẹ̀lé ohun pupa. Monster Hunter: World ti 2018 sún mọ́ ohun tí mo fẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí pé bí a bá ṣe ń kó ipasẹ̀ àti àmì jọ tó ni ìmọ̀ wa nípa abàmì náà ń gòkè tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ipasẹ̀ wà lórí ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láìtàn yanran, láìpọ́n. Oṣó á rí i, olè á rí i, wọ́n á ní ẹnì kan gba ibí kọjá. Ọdẹ á wò ó, á ní àwọn mẹ́ta ni, wọ́n kọjá kí ìrì tó sẹ̀, ọ̀kan ru ẹrù tó wúwo, ọmọdé kan wà láàárín wọn tí kò fẹ́ bá wọn lọ. Ìmọ̀ yẹn á wá wọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nígbà tí a bá bá wọn. Ẹ ti ń ṣe é ní ọ̀nà kan: ẹ máa ń fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ sì ní òǹkọ̀wé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ tiwọn sí ilẹ̀ náà. Kí ìkankan nínú rẹ̀ má sì dúró sójú kan, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ibi tí gbogbo àpótí yín wà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí géèmù bá jáde. Bí ẹni tó ń tiro bá yàtọ̀ nínú ìrìn àjò tèmi sí tìrẹ, kò sí ẹni tó lè kà á fún wa tẹ́lẹ̀.

Mo ti gbọ́ àtakò kan ṣáájú kí ẹ tó sọ ọ́: pé ẹgbẹ́ tí kò ní ọdẹ á pàdánù. Ẹgbẹ́ tí kò ní àlùfáà náà ń pàdánù, a kì í sọ pé kí wọ́n pa àlùfáà rẹ́. Wọ́n á kàn ko ohun tó wà níwájú lójijì ni, wọ́n á sì jà á. Ìyẹn náà ládùn tirẹ̀.

Ti ọ̀tá àyànfẹ́ tí ẹ gé kúrò, ẹ dá a padà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jogún láti inú ìrìn rẹ̀. Àwọn ará Owlcat Games fi ẹnì kan sínú Pathfinder: Kingmaker ní 2018 tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ekundayo, ọdẹ ọlọ́fà tó ń mú ajá rìn. Àwa tá a jẹ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín nígbà tá a rí orúkọ yẹn, nítorí gbogbo wa ló ní Ẹkúndayọ̀ kan ní àdúgbò. Àwọn abàmì tí wọ́n ń pè ní troll ló pa ará ilé rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dọdẹ wọn. Kò yàn wọ́n láti inú àtòjọ. Bẹ́ẹ̀ nínú géèmù kan náà, èmi tí mo ń dá ọdẹ tèmi sílẹ̀ ní láti mú ọ̀tá láti inú àtòjọ kí n tó mọ ohun tó wà níwájú; ẹni tí kò bá sì mú àwọn iwin, tí wọ́n pọ̀ bí eṣú nínú ilé tí géèmù náà parí sí, ó ti kàgbákò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa rí bí Ekundayo. Ohun tí mo bá ti tọpa rẹ̀, tí mo bá ti jà tí mo sì sá fún, tí mo bá ti jókòó wò láti òkèèrè láìpa á, kí ìmọ̀ mi nípa rẹ̀ máa pọ̀ sí i. Kó má sì jẹ́ pípa nìkan ló ń bí ìmọ̀. Ẹni tó bá wo ìkookò lọ́jọ́ mẹ́ta mọ̀ ọ́n ju ẹni tó pa mẹ́wàá lọ.

Ẹranko tó ń tẹ̀lé ọdẹ náà ní ọ̀rọ̀. Ẹ ti fún un ní àsìkò tirẹ̀ nínú ìjà, mo ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá kú, a sinmi díẹ̀, a pe òmíràn, ó dé, bíi pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Nínú Pillars of Eternity ti 2015, bí ẹranko ọdẹ bá ṣubú lójú ìjà, ọ̀fọ̀ á mú ọdẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gún mọ́. Àwọn kan bínú sí òfin yẹn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun nìkan ló jẹ́ kí n máa wẹ̀yìn wo ibi tí ẹranko mi wà. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, World of Warcraft máa ń jẹ́ kí hunter, ọdẹ tiwọn, bọ́ ẹran rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn, kí wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Bíbọ́ ẹran lójoojúmọ́ lè súni, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin ní ohun tó dára ju méjèèjì lọ láti ọjọ́ pípẹ́: Pet Pal. Ẹni tó bá ní in nínú Original Sin lè bá eku, adìẹ àti ajá sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ẹranko yẹn sì wà lára ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo géèmù yín. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ló lè mú un. Ọdẹ inú Original Sin 2 ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìpalára tó ń ṣe láti orí òkè fún gbogbo àmì Huntsman (ọgbọ́n ọdẹ) tó bá ní, ó sì lè la gbogbo ìtàn náà já láìgbọ́ ohun tí ajá kan ń sọ. Mi ò ní kí ẹ gba Pet Pal lọ́wọ́ àwọn yòókù. Kí ti ọdẹ sàn ju tiwọn ni. Kí ajá sọ fún un pé òórùn ẹ̀jẹ̀ wà lára ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Ní ti ìlú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ìtàn Baldur's Gate 3 wọ ìlú ní apá kẹta, ọdẹ di àlejò. Ẹ̀bùn Urban Tracker tí ẹ ṣe fún irú ibẹ̀ kò ju pé ó kọ́ ọdẹ ní ọwọ́ fífẹ́ lọ, iṣẹ́ olè. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdẹ náà ló ń ṣọ́ ìlú lóru. Ó mọ ilé tí iná ti ń tàn lásìkò tí kò yẹ, ó mọ ẹsẹ̀ àlejò yàtọ̀ sí ti onílé, ó mọ ajá tó ń gbó lásán àti èyí tó rí nǹkan. Ipasẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ojú títì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú igbó. Ohun tí mo ti bẹ̀ yín fún lókè yìí, ẹ gbé e wọ ìlú bẹ́ẹ̀, ó tó.

Ìdánwò kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe nígbà tí kíláàsì yìí bá ti dé ọwọ́ àwọn tó ń bá yín dán géèmù wò. Ẹ gba ọrun lọ́wọ́ ọdẹ. Ẹ gba idà méjèèjì, ẹ gba Hunter's Mark tàbí ohunkóhun tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ ní Rivellon. Ẹ fi òun àti àwọn mẹ́ta yòókù sí ẹnu igbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a fún wákàtí kan, ẹ sì máa ka iye ìgbà tí àwọn mẹ́ta yẹn á yíjú sí i béèrè pé, "Kí lo rí?" Bí wọn ò bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì fi ọrun náà lé e lọ́wọ́ padà.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń yan ọdẹ ní gbogbo ìgbà